Ọdún Tí Ìlésanmí Ń Ṣubú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára jù láti kọ́, ó jọ pé ẹ kò rí ẹlòmíràn bi ni. Iṣẹ́ tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ìjàkadì ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ ènìyàn, ní àdúgbò Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì níbí, láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n mi títí orúnkún mi fi kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò tẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín lẹ máa ń rín. "Bàbá, ìyẹn náà ń jẹ́ iṣẹ́?" Ó ń jẹ́ iṣẹ́. Ẹ jókòó.

Bí mo ṣe dé ẹnu rẹ̀ kò gùn. Bàbá mi kú, mo sì ń bá gbogbo ọmọ àdúgbò jà. Nígbà tó sú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ìdòwú tó ni agbo ìjàkadì, ó ní bó bá jẹ́ ìjà ló wù mí, kí n lọ jà á níbi tí kò ti sí èébú. Owó ibẹ̀ kò ṣeé fi yangàn. Àwọn òbí a máa gbé iṣu wá nígbà iṣu, àwa náà sì ń dáko wa bí gbogbo ènìyàn. Ìyẹn tó lórí ọ̀rọ̀ owó.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìdòwú ni kò tíì tó. Ọkùnrin kúkúrú ni, orí rẹ̀ kò ju èjìká mi lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó dá a rí. Kì í pariwo, pàṣán rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fún mi ni yanrìn. Láràárọ̀, màá lọ wa yanrìn lódò, màá jọ òkúta kúrò nínú rẹ̀, màá tẹ́ ẹ sójú agbo. Bàbá yóò wá bọ́ bàtà, yóò máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá inú rẹ̀ kiri. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan òkúta kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ ni màá kó jáde, màá tún bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, òkúta kékeré náà ni," ni mo wí lọ́jọ́ kan.

"Orí ẹni tó máa ṣubú lé e kì í ṣe kékeré," ló wí. Ó wá fi pàṣán tọ́ mi. "Uṣẹ́ rẹ nìyẹn. Ìjà kọ́ ni uṣẹ́ rẹ."

Odindi ọdún kan ni kò jẹ́ kí n gbé ẹnikẹ́ni. Ìṣubú ló fi kọ́ mi. Bí a ṣe ń fi àgbọ̀n mọ́ àyà kí orí má baà kan ilẹ̀, bí èjìká ṣe gbọ́dọ̀ ṣáájú, bí a ṣe ń mí síta nígbà tí ẹ̀yìn bá kanlẹ̀. Àwọn tó dàgbà jù mí lọ ń fi mí ṣeré, wọ́n ń gbé mi sọlẹ̀ bí ẹrù. Bí mo bá ráhùn, Bàbá á pa òwe kan ṣoṣo tó fẹ́ràn, tó fi sú gbogbo wa: "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Èmi kì í wo ibì kankan, omijé kò jẹ́ kí n ríran.

Mo tún fi ẹni tó ṣubú rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin ará ìlú Ìgèdè kan ni, bàǹté rẹ̀ tú níbi tó ti ń já bọ́. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Bàbá Ìdòwú kò na mí. Ó kàn ní kí n jókòó ti òun títí ọdún ìjàkadì yẹn fi parí, kí n má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí ju pàṣán lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ẹni tó ṣubú bá tilẹ̀ bá bàǹté rẹ̀ lórí igi, n kò ní rẹ́rìn-ín.

Òfin kan wà tí òun ló fi lélẹ̀, tí gbogbo agbo tó wà ní àyíká wa sì ń tẹ̀lé. Ẹni tó bá ń ṣubú lóde, ẹ dá a padà sídìí ẹ̀kọ́, ẹ tún ìṣubú kọ́ ọ. Ó gbàgbọ́ pé ẹni tí ìbẹ̀rù ilẹ̀ bá kúrò lọ́kàn rẹ̀ kò ní ṣubú mọ́. Èmi náà gbà á gbọ́. Ó ṣe mí láǹfààní.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Bàbá kò gbé e dáadáa mọ́, ó fi agbo lé mi lọ́wọ́. Òun yóò jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi ọsàn, yóò máa wo mí, pàṣán ń bẹ lórí itan rẹ̀. Àgbà ni mí nígbà náà, mo ti gbéyàwó, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣì ọmọ kan kọ́, màá gbọ́ tí pàṣán yẹn á kan ẹsẹ̀ àpótí, kó! Ara mi á bù máṣọ.

Ìgbà náà ni Ìlésanmí dé. Mo kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun sì ni ẹni tó dára jù tí mo kọ́. Kò ní bàbá, kò ní oko kòkó, bẹ́ẹ̀ ni kò kàwé débi tó fi lè di tíṣà. Oko àwọn ẹlòmíràn ló ń bá wọn ro. Ṣùgbọ́n bó bá wọ agbo, ẹnu gbogbo Òkè-Ìlá ni orúkọ rẹ̀ wà. Ó ní ọ̀nà kan tó ń gbà dá ènìyàn: á gbé e dé àyà, á wá jù ú nù bí ẹni ń da omi abọ́ nù. Àwọn èrò á hó yèè. Kò pẹ́ tó fi di aṣíwájú agbo wa.

Ìlú Ìyìn ni nǹkan ti bàjẹ́. A lọ bá wọn jà lọ́dún kan, wọ́n sì mú Àjàyí jáde sí i. Àgbẹ̀ bíi tirẹ̀ ni Àjàyí, ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n tilẹ̀ ti jọ jẹun pọ̀ rí. Wọ́n jà á fún ìgbà pípẹ́. Ìlésanmí gbé e, ó jù ú nù bó ṣe máa ń ṣe, Àjàyí sì na apá sílẹ̀ kó tó balẹ̀. A gbọ́ ọ. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ lórí orúnkún. Kò sẹ́ni tó hó yèè.

Àwọn ará Ìyìn kò bá wa jà. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Wọ́n mọ̀ pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Wọ́n gbé Àjàyí lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń to eegun, àwa sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sí Adó. Ó yẹ kí ẹ mọ àṣà wa lórí irú èyí: ẹni tó ṣe ènìyàn léṣe lójú agbo kì í lọ kí i nílé, kí wọ́n má baà sọ pé ó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bàbá Ìdòwú ló rán ènìyàn lọ kí wọn. Ìlésanmí jókòó sílé.

Ní ìjàkadì tó tẹ̀ lé e, ó ṣubú. Ọkùnrin Ìgèdè kan tí kò yẹ kó lè gbé adìẹ ló dá a. A ní kí á gbà á bẹ́ẹ̀, pé ọjọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n nílé, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í dá a. Á gbé wọn tán, wọ́n á ti kúrò nílẹ̀, àfi kí wọ́n yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ̀yìn tirẹ̀ sì kanlẹ̀.

Haà, ìmọ̀ràn pọ̀! Ìyá rẹ̀ gba ààwẹ̀, ó sì mú un lọ bá àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n gbàdúrà fún un. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ mùsùlùmí ní kó ṣe sàráà. Ẹnìkan ní ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ni kò jẹ́ kó sùn. Ẹlòmíràn ní iṣu tuntun ló jẹ jù. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bàbá Ìdòwú kò wulẹ̀ dá sí àríyànjiyàn. Ó ní, "Ẹ dá a padà sídìí ẹ̀kọ́."

A dá a padà. Gbogbo ìgbà òjò yẹn ló fi ń ṣubú lójú mi. Ó ṣubú sápá ọ̀tún, ó ṣubú sápá òsì, ó ṣubú sẹ́yìn. Kí n má purọ́ fún yín, ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọjọ́ ìjàkadì tún kò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e, ó sì ṣubú lọ́nà tó dára tó bẹ́ẹ̀ tí yanrìn kò kan irun orí rẹ̀. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́ fún un! Inú bí mi débi pé mo fi agbo sílẹ̀. Ṣé ohun tí mo fi gbogbo ìgbà òjò kọ́ ọ nìyẹn? Òun gan-an ni. Ara rẹ̀ ti gbà pé ìṣubú ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ti wá di ẹ̀ẹ̀mejì léra. Bẹ́ẹ̀, ní agbo wa, aṣíwájú tó bá ṣubú lóde lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra á bọ́ sílẹ̀, kò sì ní jà lórúkọ àdúgbò mọ́ títí ayé. Ìlésanmí wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "bí wọ́n bá lé mi kúrò lójú agbo, kí ló kù fún mi? Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń pè mí pẹ̀lú ayọ̀. Níbi gbogbo yòókù, 'wá bá mi ro oko' ni wọ́n ń pè mí."

Mo ní kó lọ sùn.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun kan. Gbogbo ènìyàn ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi fi gbogbo wọn sílẹ̀, mo ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kó gbé ẹnìkan, ó gbé e. Ó gbé e dé àyà bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó wá kù kó jù ú nù, àwọn ìka náà ṣí. Òun kọ́ ló ṣí wọn, wọ́n kàn ṣí fúnra wọn. Mo tún ní kó gbé ẹlòmíràn, wọ́n tún ṣí.

Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí lò ń gbọ́ nígbà tí o bá gbé ènìyàn dé àyà?"

Ó wo ilẹ̀. "Apá Àjàyí," ló wí.

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ilẹ̀ kò bà á rí. Ẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń bà á. Àwa wá ń fi ìṣubú wo ọmọ ọlọ́mọ, bí ẹni ń fi omi iyọ̀ pa òùngbẹ.

Àṣà kò jẹ́ kí òun lọ sí Ìyìn, ṣùgbọ́n kò sí àṣà tó dè mí lẹ́sẹ̀. Mo lọ. Inú oko ni mo bá Àjàyí, ó ń kọ ebè. Apá náà tẹ̀ díẹ̀ níbi tó ti so, ṣùgbọ́n ọkọ́ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Mo kí i, mo bi í léèrè apá. Ojú rẹ̀ le.

"Apá ti sàn láti èṣí, Ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ń dùn mí kọ́ nìyẹn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń bá mi jà! Bí ẹyin ni wọ́n ń mú mi. Ẹni tó yẹ kó dá mi á rọra ṣubú fún mi. Mo ti borí ènìyàn púpọ̀ báyìí, kò sì sí ọ̀kan tí mo borí níbẹ̀. Ìlésanmí ńkọ́?"

"Ó ń ṣubú."

"Nítorí tèmi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó ń wò mí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. "Èmi ni Ìyìn máa mú wá sí Adó lọ́tẹ̀ yìí," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ sọ fún un pé kó gbé mi bí ọkùnrin. Bó bá rọra ṣe é fún mi, èmi ni màá dá a, mi ò sì ní ṣàánú rẹ̀."

Mo jíṣẹ́ náà fún Ìlésanmí. Ó gbọ́ ọ, ó dúpẹ́, ìka rẹ̀ sì tún ṣí lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín tí mo fi gbogbo iṣẹ́ mi mọ̀: etí ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ọwọ́ kì í gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ bá ọwọ́ sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ni kí ẹ fún un.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mo ní kó má ju ẹnikẹ́ni nù mọ́. "Gbé e, kí o sì bá a délẹ̀. Orúnkún rẹ ni kó kọ́kọ́ kanlẹ̀, kí ọwọ́ rẹ wà lára rẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi kan yanrìn." Àpò yanrìn la fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbé e, ó ń bá a délẹ̀, ó ń dì í mú. Nígbà tó ṣe, a fi ènìyàn rọ́pò àpò. Ìka náà kò rí ìdí tí wọ́n á fi ṣí, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ jù sí òfuurufú. Díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn.

Kó! Pàṣán kan ẹsẹ̀ àpótí. "Kí ni ò ń kọ́ ọ yẹn?" ni Bàbá Ìdòwú wí. "Ìjàkadì kọ́ nìyẹn. Ó ń tẹ́ wọn sùn ni! Kó kúkú kọrin fún wọn."

Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára, wọ́n ń pè é ní Atẹ́nisùn. Ara ta mí. N kò jiyàn pẹ̀lú Bàbá rí láti ìgbà tí wọ́n ti mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo sọ ọ́: "Bàbá, ìṣubú tí ẹ ní kí n kọ́ ọ, ó ti mọ̀ ọ́n jù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ ọ ní òmíràn." Ó yí ojú sí ibòmíràn, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ ìjàkadì.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Tẹ́lẹ̀, àwọn àgbà ló ń dájọ́, wọn kì í sì í gbà pé ènìyàn ṣubú àfi bí ilẹ̀ bá dún. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àwọn tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa dá sí i. Bàǹté di ṣòkòtò péńpé tó ní bẹ́líìtì, ọmọ ilé-ìwé ń fi ẹfun fa ìlà agbo, tíṣà kan sì wà láàárín pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Bí ẹ̀yìn bá ti kan yanrìn báyìí, ìbáà dún, ìbáà má dún, fííì! ó ti tán. Àwọn àgbà ń kùn pé fèrè ti ba ìjàkadì jẹ́. Èmi kò kùn.

Mo tún kọ́ ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Mo kọ́ wọn nílé-ìwé, mo kọ́ wọn títí bọ́ọ̀lù fi gba gbogbo wọn lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá ní kí n mú ọjọ́ kan jáde nínú gbogbo rẹ̀, ọjọ́ tí Ìyìn wá bá wa ni màá mú.

Èrò kún Òkè-Ìlá. Ìlésanmí kò lè jẹun láàárọ̀, ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ lè wá wò ó. Tíṣà fun fèrè. Àjàyí kò ṣeré rárá. Ó wọlé tọ̀ ọ́, ó fi èjìká gbá a láyà, ẹsẹ̀ Ìlésanmí sì yọ̀. Mo ní, ó tán. Ó fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó yí ara padà. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń yí, wọ́n ń yí, mo sì rí i tí Ìlésanmí tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó gbé e. Àjàyí kúrò nílẹ̀, ó dé àyà, apá tó tẹ̀ yẹn sì nà síta lójú gbogbo ayé.

Ìka Ìlésanmí ni mò ń wò.

Wọn kò ṣí. Ó kúnlẹ̀, ó bá a lọ, ó bá a délẹ̀, ẹ̀yìn Àjàyí kan yanrìn, fèrè dún. Ariwo sọ! Lábẹ́ igi ọsàn, Bàbá Ìdòwú ti dìde kúrò lórí àpótí láìsí ẹni tó gbé e dìde.

Ìlésanmí kò gbọ́ ariwo kankan. Ó ṣì di Àjàyí mú. "Apá rẹ ńkọ́?" ló ń bi í. "Àjàyí, apá rẹ ńkọ́?"

"Kí lo ń béèrè apá fún? Ẹ̀yìn mi ló wà nílẹ̀!" ni Àjàyí wí. "Fi mí sílẹ̀ kí n dìde, jàre."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ṣubú là ń rín. Ìlésanmí nìkan ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó dìde, ó na ọwọ́ sí apá Àjàyí tó dára kó fi fà á. Àjàyí fa ìyẹn sẹ́yìn. Apá tó tẹ̀ ló nà sí i.

"Èyí ni kí o fà."

Ìlésanmí dì í mú, ó sì fà á dìde.